Ìjàkadì, Abẹ Gbẹ́rẹ́ àti Àrùn tí ń Ràn

Nígbà tí iṣu titun bá ti wọlé, tí àgbàdo ti gbẹ, tí òjò sì ti ń lọ sílé, ọwọ́ àgbẹ̀ a máa dẹ̀ díẹ̀. Ìgbà náà ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin a máa rántí pé ara àwọn le. Ní ìrọ̀lẹ́, tàbí nígbà tí òṣùpá bá yọ, wọn a pé jọ sí ìta gbangba. Ìlù a dún, àwọn ọmọdé a kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, lẹ́yìn wọn ni àwọn géńdé. Eré yìí ni àwọn kan ń pè ní ìjàkadì, tí àwọn mìíràn ń pè ní ẹkẹ, tí àwọn ẹlòmíràn sì ń pè ní gídígbò. Ó ti pẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ń ki oríkì ìlú Ọ̀fà kò fi lè kì í tán kí ó má dárúkọ ìjàkadì.

Kò sí ẹni tí ó lóye tí yóò sọ pé eré yìí kò ní èrè. Ara tí ó ti tẹ̀ sórí ọkọ́ láti òwúrọ̀ ń fẹ́ ohun tí yóò nà án lọ́nà mìíràn. Ọmọ tí a dá lulẹ̀ ní ojú gbogbo ènìyàn, tí ó dìde, tí ó sì bọ ẹni tí ó dá a lọ́wọ́, ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí kò sí nínú ìwé kíkà. Síbẹ̀ àwọn àgbà ìjọ kan ń fẹ́ kí a fi òfin dè é pátápátá nítorí oògùn tí àwọn ọ̀dọ́ ń lò sí i, àwọn àgbà ìlú sì ń dá wọn lóhùn pé àwọn baba ńlá ti ja ìjàkadì, kò pa wọ́n. Àríyànjiyàn yìí ti pẹ́, ó sì ti mú kí ìhà méjèèjì gbàgbé ohun tí ń pa ènìyàn gan-an. Ìjàkadì fúnra rẹ̀ kọ́. Bí ó bá sì jẹ́ ti ìlera ni a ń sọ, ẹ̀tù tí a ń fi ra ara pàápàá kọ́ ni olórí ọ̀ràn. Abẹ ni, abẹ kan ṣoṣo tí a fi sín gbẹ́rẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Bí a ti ń ṣe é kò fara sin. Ní alẹ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ eré, àwọn tí yóò jà a lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn àdúgbò wọn. Oníṣègùn a mú abẹ fẹ́lẹ́ kan, tàbí abẹ ìfárí tí alágbẹ̀dẹ rọ, sí ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ̀tù a wà nínú àdó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ a jókòó, a ó sín in ní ọrùn ọwọ́ méjèèjì, tàbí ní èjìká, tàbí ní àárín orí. Ẹ̀jẹ̀ a yọ. Oníṣègùn a fi àtàǹpàkò tọ́ ẹ̀tù, a sì fi ra ojú gbẹ́rẹ́ náà títí ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀tù yóò fi di ọ̀kan. Ẹni kejì a jókòó. Abẹ náà ni, àtàǹpàkò náà ni, àdó náà ni. Bí oníṣègùn bá jẹ́ ẹni tí ó fẹ́ràn ìmọ́tótó, a nu abẹ mọ́ etí aṣọ, tàbí kí ó rẹ ẹ́ sínú ògógóró, èyí tí kò tó láti pa ohun tí ó wà lẹ́nu rẹ̀. Bí ọ̀dọ́ mẹ́wàá bá wá ní alẹ́ náà, ẹni kẹwàá yóò ti gba lára ẹ̀jẹ̀ àwọn mẹ́sàn-án tí ó ṣáájú rẹ̀ kí ó tó lọ sílé.

Àgbẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí iṣu. Nígbà tí ó bá ń gé ebu, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi ọ̀bẹ tí ó gé iṣu tí ó ti ń jẹrà gé èyí tí ó dára, àfi bí ó bá ti fọ̀ ọ́. A sì máa bu eérú sí ojú ibi tí ó gé kí ìdibàjẹ́ má baà gba ibẹ̀ wọlé. Ó mọ̀ pé ìjẹrà tí kò hàn lónìí yóò hàn lábẹ́ ilẹ̀, nígbà tí a bá retí pé kí iṣu hù tí kò hù. Ó yani lẹ́nu pé ọkùnrin tí ń ṣọ́ ọ̀bẹ iṣu rẹ̀ tó báyìí yóò na apá ọmọ rẹ̀ sí abẹ tí kò mọ ibi tí ó ti wá.

Àrùn tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ bẹ̀rù lẹ́nu abẹ yìí ni jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, irú èyí tí àwọn dókítà ń pè ní B. Inú ẹ̀jẹ̀ ni kòkòrò rẹ̀ ń gbé, ẹ̀jẹ̀ tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò rí i sì tó láti gbé e láti ara ẹnìkan dé ara ẹlòmíràn. Ó lè wà láàyè lórí abẹ tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ fún ọjọ́ 7 ó kéré tán. Èyí já sí pé ọjà ọrún yóò pé, a óò ná an tán, àwọn ọlọ́jà yóò palẹ̀ ẹrù mọ́, kòkòrò náà yóò sì wà lẹ́nu abẹ níbi tí a fi í há sí lára òrùlé. Ìwádìí tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú 100 àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin 15 sí 64, nǹkan bí 8 ni ó ní kòkòrò yìí. Púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀, nítorí ara wọn le, wọ́n ń kọ ebè, wọ́n sì ń gun ọ̀pẹ. Níbi tí ọ̀dọ́ 12 bá ti pé jọ fún gbẹ́rẹ́, kì yóò ya dókítà lẹ́nu bí ọ̀kan nínú wọn bá gbé e wá.

Òtítọ́ ni pé àgbàlagbà tí ó bá kó o sábà ń bọ́. Ara rẹ̀ a bá kòkòrò náà jà, a sì lé e jáde. Nínú 100 irú wọn, kò ju bí 5 lọ tí àrùn náà yóò bá gbé títí. Ọmọ kékeré kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ ọdún 1 sí 5 bá kó o, nǹkan bí 25 sí 50 nínú 100 wọn ni yóò máa gbé e kiri. Bí ó bá sì jẹ́ ìkókó tí ó kó o lára ìyá rẹ̀ nígbà ìbí, iye wọn tó 90. Nítorí náà ni gbẹ́rẹ́ tí àwọn òbí ń mú kí a sín fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, kí egungun wọn baà le fún ìjàkadì ọmọdé, fi burú ju ti àwọn géńdé lọ. Bẹ́ẹ̀ ni géńdé pàápàá kò bọ́ lófo: ní àwọn oṣù tí kòkòrò náà fi wà lára rẹ̀ kí ó tó jáde, ó lè fi ran aya rẹ̀, aya a sì lè fi ran ọmọ tí yóò bí.

Àrùn yìí kì í sábà pa ènìyàn ní ọdún tí ó wọlé. Ó lè jókòó sínú ẹ̀dọ̀ fún 20 ọdún tàbí 30, kí ó máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ọkùnrin tí ó kó o ní ọmọ ọdún 4 yóò dàgbà, yóò gbé ìyàwó, yóò kọ́ ilé. Nígbà tí ó bá di ẹni ogójì ọdún, tí oko rẹ̀ ń so, tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní ilé ẹ̀kọ́, oúnjẹ a di ohun ìkórìíra fún un, ẹyinjú rẹ̀ a pọ́n bí èso ìyeyè, ara a gbẹ, ikùn àti ẹsẹ̀ a wú. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti ṣá, tàbí jẹjẹrẹ ti mú un. Ta ni yóò rántí abẹ? Ẹni tí ó bá a jẹun kẹ́yìn ni àwọn ẹbí ń rántí. Wọn a ní májèlé ni. Wọn a wo aya rẹ̀, wọn a wo àbúrò tí wọ́n jọ ń du ilẹ̀, wọn a wo arúgbó tí ó wà ní ìkángun ilé. Báyìí ni a ti lé ọ̀pọ̀ opó kúrò lórí oko tí wọ́n bá ọkọ wọn ro, nítorí àrùn tí ó ti wọ ara ọkùnrin náà kí obìnrin náà tó mọ ilé baba rẹ̀.

Èyí sì ni ìdáhùn fún àwọn tí ń sọ pé eré yìí kò pa àwọn baba. Abẹ rẹ̀ pa nínú wọn. Ikú náà ni kò ní orúkọ. Kí ó tó di nǹkan bí 60 ọdún sẹ́yìn, kò sí oníṣègùn kan ní gbogbo ayé tí ó lè yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí ó sì sọ ẹni tí ó ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B. Dókítà Baruch Blumberg, ará Amẹ́ríkà, ni ó rí àmì rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, a sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1976. Kí ìmọ̀ yìí tó dé, ikùn wíwú ni a ń pè é, tàbí àsasí, tàbí ọwọ́ ayé.

Kòkòrò tí ń fa Éèdì náà a máa gba ẹnu abẹ wọlé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kì í pẹ́ kú tó ti jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ bí ẹ̀jẹ̀ bá ti gbẹ. Eré fúnra rẹ̀, láìsí gbẹ́rẹ́, sì lè gbé jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B bí a bá jẹ́ kí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde lára rẹ̀ máa jà lọ. Ní ilẹ̀ Japan, níbi tí ìjàkadì wọn ń jẹ́ sumo, àwọn dókítà kọ ìròyìn kan ní ọdún 1982 nípa bí àrùn yìí ti bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan tí ń jà á. Ní ilẹ̀ Turkey, ìwádìí ọdún 2007 lára àwọn ajàkadì 70 rí àmì kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn 9, ó sì rí i nínú òógùn àwọn 8. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ti ibí yìí bọ́ sínú ìbẹ̀rù asán. Kì í ṣe nípa jíjọ jẹun ni a ń kó jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B, kì í ṣe nípa bíbọwọ́, Éèdì kì í sì í ràn nípa òógùn. Ẹni tí a bá rí i lára rẹ̀, ọ̀dọ̀ dókítà ni ọ̀nà rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yìn ìlú.

Àrùn awọ ara kéré lójú, ṣùgbọ́n òun ni ó yára jù. Ìjàkadì kò ṣeé jà láìfi ara kan ara. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ a máa họ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọrùn a máa gbo ọrùn. Ní ọdún 1989, ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀dọ́ 175 pé jọ fún ọ̀sẹ̀ 4 láti kọ́ ìjàkadì. 60 nínú wọn ni ó ní ìléròrò wẹ́wẹ́ tí ń ta ni, púpọ̀ ní orí àti ojú. Kòkòrò tí ń fa egbò ètè ni. Ẹni tí ó bá ti kó o kì í rí i lé jáde mọ́, a máa sùn, a sì máa jí, bí ó bá sì dé ẹyinjú ó lè ba ìríran jẹ́. Bí ó bá lè rí bẹ́ẹ̀ níbi tí omi ẹ̀rọ àti dókítà kò jìnnà, kí ni a ó sọ ní abúlé tí ọ̀dọ́ ogún ti ń fi aṣọ kan nu òógùn, tí wọ́n sì ń bọ́jú nínú ọpọ́n kan? Làpálàpá ń gba ibẹ̀ kọjá, eéwo ń gba ibẹ̀ kọjá, àrùn ojú tí a ń pè ní Àpólò a sì máa gba inú ọpọ́n náà wọ gbogbo agbo. Láti ọdún 2017 tí àrùn mpox ti tún fara hàn ní Nàìjíríà, ìdí tí ẹni tí ara rẹ̀ sú kò fi gbọdọ̀ wọ inú eré ti pọ̀ sí i.

Ọ̀tọ̀ ni ti àrùn tí ń mú àgbọ̀n dì, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní tẹ́tánọ́ọ̀sì. Òun kì í ti ara ènìyàn kan dé ara ẹlòmíràn; inú ilẹ̀ ni ó wà, àti nínú ìgbẹ́ ẹran. Pápá tí màlúù ti sùn ní àná ni àwọn ọ̀dọ́ a máa gbá fún eré lónìí. Eékún a bó, ìgúnpá a bó, a ó da iyẹ̀pẹ̀ sí i kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, eré a sì máa lọ. Láàrin ọjọ́ 3 sí 21, ọ̀dọ́ náà a ní ẹnu òun kò ṣí dáadáa. Lẹ́yìn èyí ọrùn a le, ẹ̀yìn a tẹ̀ bí ọrun, ariwo kékeré a sì mú kí gbogbo ara rẹ̀ gan. Àwọn obìnrin a máa gba abẹ́rẹ́ àrùn yìí nígbà tí wọ́n bá lóyún. Ọkùnrin kì í lóyún, nítorí náà ọ̀pọ̀ géńdé tí ń pe ara rẹ̀ ní akíkanjú kò tíì gba ọ̀kan láti ìgbà èwe rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òun gan-an ni ó ń yí nínú ilẹ̀.

Ohun tí a wí nípa ìjàkadì kan àwọn eré agbára mìíràn. Ní ọjọ́ Egúngún, àtòrì tí ó ti bẹ́ ara ẹnìkan a máa kọjá sí ẹ̀yìn ẹlòmíràn kí ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ tó gbẹ. Ní ìhà Àríwá, àwọn ọ̀dọ́ Fúlàní a máa fi ọ̀pá na ara wọn nínú sharo láti fi ìfaradà wọn hàn. Àwọn Hausa a máa ja dambe, nínú èyí tí a ń fi aṣọ àti okùn di ìkúùkù kan, gbẹ́rẹ́ a sì wà lára apá ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń jà á. Ní ìgbà kan rí àwọn kan a máa fi igò wẹ́wẹ́ sára ìdì náà. A ti fi òfin dè é, dambe kò sì kú. Èyí yẹ kí ó fi àwọn tí ń bẹ̀rù àtúnṣe lọ́kàn balẹ̀.

Ọwọ́ àwọn àgbà tí wọ́n ni ìlù ni àtúnṣe yìí wà ju ọwọ́ ọ̀dọ́ lọ, nítorí bí ìlù kò bá dún, kò sí ẹni tí yóò jà. Kí baálẹ̀ yan ẹni méjì tí ojú wọn mọ́ láti yẹ ara àwọn ajàkadì wò kí eré tó bẹ̀rẹ̀, bí a ti ń ṣe níbi ìdíje ńlá ní òkè òkun. Ẹni tí ó ní egbò tí kò tíì gbẹ, tàbí làpálàpá, tàbí ìléròrò, kí ó jókòó títí yóò fi san. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Olè tí ó fara pamọ́ ni ìtìjú yẹ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá jáde lára ẹnìkan nínú eré, kí a dá wọn dúró, kí a fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́ náà, kí a fi aṣọ mímọ́ dì í kí wọ́n tó tún dì mú. Iyẹ̀pẹ̀, eérú àti ìgbẹ́ màlúù kì í ṣe oògùn ọgbẹ́. Ọgbẹ́ tí ó jìn, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́, kí a má dúró de ọjọ́ ọjà. Kí olúkúlùkù mú aṣọ ìnura tirẹ̀ wá láti ilé, kí a sì máa bu omi dà sí ọwọ́ ẹni tí ń bọ́jú dípò kí gbogbo wọn máa ti ọwọ́ bọ inú ọpọ́n.

Ní ti gbẹ́rẹ́, ó sàn kí a má sín in rárá, ó sì burú gidigidi kí a sín in fún ọmọdé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ abúlé mọ̀ pé àwọn kan yóò sín in, ohunkóhun tí ìjọ ì báà wí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí ó ra abẹ titun tí ó ṣì wà nínú bébà rẹ̀, kí ó mú un lọ́wọ́ lọ, kí ó sì jù ú sínú ṣáláńgá fúnra rẹ̀ nígbà tí ó bá ṣe tán. Kí oníṣègùn bu ẹ̀tù sórí ewé fún un, kí ẹni tí a sín fi ọwọ́ ara rẹ̀ ra á. Bí oníṣègùn bá ní abẹ ti baba òun nìkan ni ó ń jẹ́, kí wọ́n bi í léèrè iye ènìyàn tí abẹ náà ti gé láti ayé baba rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B wà. Láti ọdún 2004 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wà lára èyí tí a ń fún àwọn ọmọ ọwọ́ ní Nàìjíríà, a sì ń fẹ́ kí ọmọ gba àkọ́kọ́ láàrin ọjọ́ kan tí a bí i. Àwọn tí a bí ṣáájú ọdún náà kò sábà ní in. Nínú wọn sì ni àwọn àgbà ajàkadì wà. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn, kí ó sì béèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì ní ọjọ́ kan náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àgbàlagbà ń gba ti jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀: ẹ̀ẹ̀kejì lẹ́yìn oṣù 1, ẹ̀ẹ̀kẹta ní oṣù 6 sí ìgbà àkọ́kọ́. Ẹni tí ó bá gba àkọ́kọ́ ní oṣù kejì ọdún, nígbà tí a ń kọ ebè, yóò gba ìkejì ní oṣù kẹta, yóò sì gba ìkẹta ní oṣù kẹjọ nígbà tí iṣu titun ń jáde, kí àwọn onílù tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá awọ tí wọn yóò fi ṣe ìlù ìjàkadì.